Ẹ̀yà Kan Ṣoṣo Ló Ń Dá Iṣẹ́ Dúró

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ títo tẹlifíṣọ̀n pọ̀ rí. Bí ọgọ́rùn-ún ẹ̀yà bá wà nílẹ̀, tí ẹyọ kan péré kù, kò tíì sí ọjà. Nítorí náà ni olùṣètò iṣẹ́ ṣe ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn: bí ọjà yóò bá dé ìsọ̀ ní oṣù Kejìlá, nígbà wo ni ẹ̀yà gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá?

Òye irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wọ́n wa. Ní Akọka nìkan, Yunifásítì Èkó wà níbẹ̀, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1962, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Owó epo náà wà. Ní àkókò FESTAC ní 1977, tẹlifíṣọ̀n ti di ohun tí ilé púpọ̀ ń lépa. Sanyo ń to tirẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀yà ti ń wá. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari ṣe òfin ìṣọ́wóná ní oṣù Kẹrin 1982, ìwé àṣẹ ìkójà-wọ̀lú sì di dandan fún ọ̀pọ̀ ọjà. Láti ìgbà náà, orí tábìlì òṣìṣẹ́ ìjọba ni ètò ilé-iṣẹ́ ń sùn sí. Àwọn kan tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan gba ìwé náà, wọ́n sì tà á. Ní Japan, Toyota ń gba ẹ̀yà ní kété tí a bá nílò rẹ̀; ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò níhìn-ín yóò jókòó ti ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n tó kù ni kíkó ẹ̀yà jọ, owó tí ìbá san owó oṣù sì há sínú àpótí. Ẹni tó gboyè ní Akọka lè ṣírò rẹ̀ láìṣàṣìṣe, kí ó ṣì pàdánù. Àwọn tó ní ọ̀lẹ ni òṣìṣẹ́ wa kò wo ibí yìí rárá.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba Ibrahim Babangida fòpin sí ìwé àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n dọ́là tí kò tó náírà kan ní 1985 ti di bíi náírà 4 ní 1987. Ìwé kò dènà mọ́; owó ló dènà.

Ní Ìbàdàn, awakọ̀ ṣì ń pe ibùdókọ̀ kan ní Sanyo.