Oorun Àti Ohun Tí A Há Sórí
Ọmọ ilé kéwú mọ ìṣòro yìí dáadáa: ẹsẹ Al-Kùránì méjì tó jọra a máa dàrú mọ́ni lójú. Oorun lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yà ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus ló ń gba ohun tuntun tí a bá kọ́. Nínú oorun àsùnwọra, ó máa ń tún un gbé yẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kí èyí máa ya ohun tó jọra sọ́tọ̀.

Ní 1924, Jenkins àti Dallenbach ní Amẹ́ríkà rí i pé ẹni tó sùn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kì í gbàgbé tó ẹni tí kò sùn.

Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè sùn.