Liverpool: Èbúté Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Lọ



Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n re ìlú Òyìnbó láyé ọjọ́un, wọn yóò sọ fún yín pé ọkọ̀ òkun ni àwọn wọ̀ ní Àpápá, Liverpool ni àwọn sì ti sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ni Aureol, tí ó ń ná Èkó sí Liverpool láti 1951 títí di 1972.

Etí odò Mersey ni ìlú yìí wà. Ẹ má jẹ́ kí á fi òtítọ́ pamọ́: òwò ẹrú wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, kí òfin tó dá a dúró ní 1807. Lẹ́yìn náà, epo pupa wa ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ dojú kọ, fún ọṣẹ àti àbẹ́là. Ní 1931, àwọn ará ìlú náà lé ní 800,000.

Báwo ni òṣìṣẹ́ èbúté ṣe ń jẹun nígbà náà? Ní kùtùkùtù, àwọn ọkùnrin á péjọ, ọ̀gá iṣẹ́ á sì máa fọwọ́ kan èjìká àwọn tí ó bá yàn. Ẹni tí a yàn rí oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tí a kò yàn padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọdún 1967 ni ètò yìí tó dópin.

Ara kò tíì tù wọ́n tán tí kọ̀ntéénà fi dé. Ẹrù tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi èjìká kó fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ̀rọ ń gbé e láàárín wákàtí díẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kò gba inú èbúté àtijọ́ mọ́. Albert Dock, tí a ṣí ní 1846, ti ní 1972. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Love Lane ti ní 1981. Ní oṣù Keje ọdún náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Toxteth, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí: àìríṣẹ́, ẹ̀tanú àwọ̀ àti ìwà àwọn ọlọ́pàá ló bí i. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn lọ. Ní 2001, ará ìlú kò tó 450,000 mọ́.

Ṣùgbọ́n bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ní 1988, wọ́n tún Albert Dock ṣí, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ. Ní 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Everton kó wọ pápá tuntun tí a kọ́ sórí èbúté Bramley-Moore, tí wọ́n fi iyanrìn dí.

Nǹkan kan ni kí ẹ mú lọ. Ẹrù kò kúrò ní Liverpool. Ọkọ̀ ṣì ń já ẹrù níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni wọn kò nílò tó ti àtijọ́ mọ́. Nítorí náà, bí a ti ń yọ̀ sí èbúté tuntun tí a ṣí ní Lẹ́kí ní 2023, ẹ má wo bí ọkọ̀ ti tóbi tó nìkan. Ẹ bèèrè pẹ̀lú pé, iṣẹ́ wo ni ọmọ wa yóò kọ́, tí ẹ̀rọ kò fi ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?