Orlando Martins: Ọmọ Àgùdà láti Èkó tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú fíìmù òyìnbó

Ní Jamestown, nílùú Accra, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Brazil House. Àwọn Tabom ló ni ín, ìran àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil tí wọ́n sì padà sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1836. Irú wọn tún sọ̀kalẹ̀ sí Àjàṣẹ́ àti Èkó, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Àgùdà. Inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Orlando Martins sí, ní òpópónà Òkèsúnà ní Èkó, ní oṣù Kejìlá ọdún 1899.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó ń da èédú sí iná ọkọ̀ Mauretania. Lẹ́yìn ogun, ó fi London ṣe ibùgbé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ tí kò ṣe níbẹ̀: ó ṣe alábàárù ní ọjà ẹja Billingsgate, ó ṣọ́dẹ òru, ó ja ìjàkadì gba owó, ó sì fi ejò ṣeré nínú sákọ́ọ̀sì.

Láàárín èrò inú fíìmù tí kò ní ohùn ló ti bẹ̀rẹ̀ eré. Ní 1935, ó bá Paul Robeson ṣe Sanders of the River. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì tún pàdé lórí ìtàgé nínú eré tí C. L. R. James kọ lórí Toussaint L'Ouverture, ẹni tó ṣáájú àwọn ẹrú Haiti lọ sójú ogun.

Ipa tí àwọn òyìnbó ń fún un kò pọ̀ ní irú: olóyè, ìránṣẹ́, adáhunṣe. Nínú Men of Two Worlds (1946), òun ni Magole, adáhunṣe tó ń bá ìjọba òyìnbó du ọkàn àwọn ará abúlé. Ẹni ibi ni ìtàn náà pè é, àmọ́ bó bá ti yọjú, òun ni gbogbo ojú ń wò.

The Hasty Heart (1949) ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Burma ni ìtàn náà ti wáyé. Martins jẹ́ Blossom, ọmọ ogun adúláwọ̀ tí kò gbọ́ èdè àwọn tó kù, tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè pè. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń dún bí gbẹ̀du, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́! Ojú àti ara ló fi sọ ìyókù. Lára àwọn tó bá a ṣeré ni Ronald Reagan, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981.

Ó padà wálé sí Èkó nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn kò yé ránṣẹ́ pè é; ó wà nínú Sammy Going South (1963) àti Mister Moses (1965). Ìgbà tó yá ni eré ilé náà kàn án. Ó kópa nínú Kongi's Harvest (1970), níbi tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti ṣe Kongi. Nínú fíìmù tí wọ́n fà yọ láti inú Things Fall Apart ní 1971, ó ṣe Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo, ọkùnrin tó máa ń rò ó jinlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà náà.

Èkó ló kú sí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985.