Eddie Condon

Albert Edwin Condon, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Eddie Condon (ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1905 – ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1973), jẹ́ onígìtá jáàsì, aṣáájú ẹgbẹ́ olórin àti olùṣètò eré orin ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tí ó fi ìdí ẹ̀yà jáàsì tí a mọ̀ mọ́ ìlú Chicago múlẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ìlú Goodland ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n bí i sí. Ó ta báńjò kí ó tó di onígìtá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1927, òun àti Red McKenzie darí ẹgbẹ́ kan tí ó gba orin mẹ́rin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Okeh. Gene Krupa, tí ó lu ìlù fún wọn, kò ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà náà. Condon kó lọ sí New York ní ọdún 1928.

Ní ọdún 1929, ó kó àwọn olórin aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ láti gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Victor. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lásìkò náà, nítorí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ orin.

Gìtá olókùn mẹ́rin ni Condon ń ta. Kì í sábà dá ta gìtá rẹ̀ bí àwọn yòókù bá dákẹ́. Iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni láti di ìlù orin mú kí àwọn afunfèrè lè rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìṣètò eré orin

Ilé ijó àti ilé ọtí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ jáàsì. Láti ọdún 1942, Condon bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò eré ní Town Hall, gbọ̀ngàn kan ní New York tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó gbọ́ orin. Kò sí orin kíkọ sílẹ̀ níwájú àwọn olórin rẹ̀. Lójú agbo ni oníkálukú ti ń dá tirẹ̀. Sidney Bechet, Hot Lips Page, Pee Wee Russell àti akọrin Lee Wiley wà lára àwọn tí ó kópa. Ní ọdún 1944 sí 1945, rédíò gbé àwọn eré náà sáfẹ́fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, ó ṣí ilé fàájì tirẹ̀ ní Greenwich Village. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, We Called It Music, jáde ní ọdún 1947. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1957.

Ojú tí a fi ń wò ó

Condon kò fara mọ́ bebop, ẹ̀yà jáàsì tí ó gbòde ní ọdún 1940 sí 1950. Àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀nà tuntun náà kà á sí ẹni àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn eré Town Hall pèsè iṣẹ́ àti olùgbọ́ fún àwọn olórin tí àṣà tuntun ìbá ti gbàgbé. New York ni ó kú sí.