Ọjọ́ Pétérù Mímọ́ nínú Ìtàn Ìjọ Wa

Nínú kàlẹ́ńdà Ìjọ, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ni ọjọ́ ìrántí Pétérù Mímọ́. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ka ìtàn Ìjọ ilẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé ọjọ́ yìí a máa padà bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tí ó ti mọ ọ̀nà ilé. Ní ọjọ́ náà, ní ọdún 1864, ni a ya Samuel Àjàyí Crowther sí mímọ́ fún iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kan náà, ní ọdún 1893, ni a ya Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips sí mímọ́ fún iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kan náà sì ni, ní ọdún 2014, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury tọrọ ìdáríjì nítorí ohun tí a ṣe sí ẹni ìṣáájú nínú àwọn mẹ́ta yìí.

Kì í ṣe èèṣì ni ó mú kí ọjọ́ náà máa padà bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 pa á láṣẹ pé ọjọ́ Ìsinmi tàbí ọjọ́ mímọ́ ni kí a máa ya bíṣọ́ọ̀bù sí mímọ́, ọjọ́ Pétérù sì bọ́ sí ìgbà tí ojúmọ́ gùn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìrìn àjò sì rọrùn. Nítorí náà a mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ náà ni. Ìhìnrere tí a yàn fún un ni èyí tí Olúwa ti ṣèlérí kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run fún Pétérù. Episteli rẹ̀ sì ni ìtàn bí ẹ̀wọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ Pétérù nínú túbú Hẹ́rọ́dù. Kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀wọ̀n: èmi kò mọ ohun méjì tí ó bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí mu tó wọn.

Ìgbà èwe Crowther kò ṣàjèjì sí àwọn òǹkàwé wa, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. A kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gbà á kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, tí a sì gbé e lọ sí Sàró. Ní ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi. Ní ọdún 1843 ó di àlùfáà. Ní ọdún 1846 ó tún rí ìyá rẹ̀, Afala, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ìyá náà wà láàyè títí di ọdún 1883, nítorí náà ojú rẹ̀ rí i pé ọmọ tí a jí gbé di bíṣọ́ọ̀bù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Pétérù ọdún 1864, kàtídírà Canterbury kún dẹ́dẹ́. Àwọn mẹ́ta ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Longley yóò yà sí mímọ́: Jeune fún Peterborough, Bromby fún Tasmania, àti Crowther fún ilẹ̀ Áfíríkà. Gbogbo ènìyàn mọ èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n wá wò. Henry Leeke, tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ní ọdún 1822, wà níbẹ̀. Ó ti di ọ̀gágun orí omi, ó sì ti di àgbàlagbà. Opó Bíṣọ́ọ̀bù Weeks ti Sàró wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ó kọ ìtàn ọjọ́ náà sọ pé nígbà tí a ní kí ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó dáhùn pé òun ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí òun ni òun kọ́ bíṣọ́ọ̀bù dúdú náà ní lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kò ní ṣàì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé Canterbury fúnra rẹ̀ kò ṣàì ní ọ̀rọ̀ ẹrú nínú ìtàn rẹ̀. Bede, òpìtàn àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn pé àwọn ọmọdékùnrin Gẹ̀ẹ́sì tí a ń tà lọ́jà Róòmù ni Gregory rí, tí àánú fi ṣe é, èyí tí ó mú kí ó rán Augustine lọ wàásù, tí ó sì dé Kent ní ọdún 597. Àwọn tí ó ń wo Crowther ní ọjọ́ náà bí ohun ìyanu tí ojú kò rí rí gbàgbé ìtàn ilé ara wọn.

Ẹni tí ó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. Ìlànà tirẹ̀ ni pé kí Ìjọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Kí òyìnbó tí ó gbìn ín sì kọjá sí oko mìíràn. Crowther kò fẹ́ oyè náà. Venn ni ó bẹ̀ ẹ́ bí baba ti ń bẹ ọmọ kí ó tó gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìwé àṣẹ tí Ọbabìnrin fi lé e lọ́wọ́. Ó fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn ààlà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ti bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861, nítorí náà Èkó kò sí níbẹ̀. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, síbẹ̀ a yọ wọ́n sílẹ̀, nítorí àwọn òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbà láti wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú. Bíṣọ́ọ̀bù Sàró ni a fi wọ́n sí lábẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yí Bíbélì sí èdè wa di bíṣọ́ọ̀bù fún Ọya àti àwọn ilẹ̀ ọ̀nà jíjìn, tí kò sì ní àṣẹ lórí ìjọ Aké, èyí tí òun pẹ̀lú wà nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Èkó ni ilé rẹ̀ wà, lẹ́yìn ààlà ilẹ̀ tirẹ̀.

Henry Townsend ni olórí àwọn tí ó kọ̀. Láti ọdún 1851 ni ó ti kọ̀wé lòdì sí ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù dúdú. Mo mọ ohun tí Townsend ṣe fún àwọn Ẹ̀gbá. Òun ni ó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní ọdún 1859, gbogbo ẹni tí ń ka Yorùbá ni ó sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìyẹn kò sọ ohun tí ó ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí di rere. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn ènìyàn dúdú kò ní bọ̀wọ̀ fún olórí tí ó jẹ́ ara wọn. Ìdáhùn kò pẹ́ dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a lé àwọn òyìnbó jáde. Àwọn àlùfáà ọmọ ilẹ̀ wa ni ó di ìjọ mú, ìjọ kò sì fọ́. Ní Ìbàdàn, nígbà tí Hinderer àti aya rẹ̀ lọ ní ọdún 1869, Daniel Olúbí ni ó gba iṣẹ́ náà.

Venn kú ní ọdún 1873, àwọn tí ó tẹ̀lé e kò sì rí ohun tí ó rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan jókòó pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù arúgbó nínú ìgbìmọ̀, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, títí kan ọmọ rẹ̀ tí í ṣe Archdeacon. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ó kú ní Èkó.

Báyìí ni a dé ọjọ́ Pétérù ti ọdún 1893, nínú kàtídírà St. Paul's ní London. Àwọn tí a yà sí mímọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Olúwọlé ti jẹ́ ọ̀gá Grammar School ti Èkó láti ọdún 1879. Phillips ti ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó láti ọdún 1877. Òun àti Samuel Johnson ni a rán sí ibùdó ogun Kírìjì ní ọdún 1886 láti bá àwọn jagunjagun sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ẹni tí ó rìn láàárín ibùdó méjì tí ó ń yìnbọn lu ara wọn, ṣé kò lè ṣàkóso dáyósíìsì? Síbẹ̀ òyìnbó tí a yà sí mímọ́ pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ náà, Joseph Sidney Hill, ni a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ipò Crowther; a sì fi àwọn méjèèjì ṣe olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní Èkó pe irú oyè bẹ́ẹ̀ ní ààbọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ kíkorò ni, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ ni. Ọwọ́ tí a gbé lé wọn lórí kò yàtọ̀ sí èyí tí a gbé lé Crowther. Àṣẹ tí a fi fún wọn ni ó yàtọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1894, kò tíì pé oṣù méje lẹ́yìn ìyàsímímọ́ náà, Hill àti aya rẹ̀ kú ní Èkó láàárín wákàtí díẹ̀ sí ara wọn. Àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n mọ ilẹ̀, tí wọ́n mọ èdè. A kò pe èyíkéyìí nínú wọn. Herbert Tugwell ni a yà sí mímọ́ ní oṣù kẹta ọdún náà. Phillips kú ní ọdún 1906, Olúwọlé ní ọdún 1932, olùrànlọ́wọ́ ni àwọn méjèèjì títí dé òpin. Ó di ọdún 1952, nígbà tí a dá dáyósíìsì Ìbàdàn sílẹ̀ tí a sì fi A. B. Akínyẹlé ṣe bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí àṣẹ kíkún tó tún padà sọ́wọ́ ọmọ Yorùbá. Láti ikú Crowther, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún géérégé, a ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby sọ níbẹ̀ pé a ya ọkùnrin náà sí mímọ́ bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ, lẹ́yìn náà a sì dà á, a sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àti pé Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti bẹ̀bẹ̀. Inú kàtídírà tí Leeke àti opó Weeks ti jókòó wo Crowther ni ó ti sọ ọ́.