Yìnyín Tó Nípọn, Ìkúùkuù Tó Ki

Kò sí òkun ní Bessé, lágbègbè Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, áńbọ̀sì òkun tó dì. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìnyín orí òkun àríwá ayé fún ará ibẹ̀ kò ní jìyà orúkọ. Yìnyín ń bá òjò bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. “Yìnyín òkun” tó, bí a bá ti là á yé wọn pé omi òkun fúnra rẹ̀ ló dì, kò já bọ́ láti òkè.

“Nípọn” ló gba ìṣọ́ra. Ògì ń ki, pákó ń nípọn, èèyàn ń sanra. Yìnyín òkun bá pákó lọ. Ìfẹ̀ rẹ̀ rọrùn láti mọ̀: láti ìparí ọdún 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń ṣọ́ ọ láìdáwọ́ dúró. Ìnípọn ló ṣòro, torí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń yọrí lókè omi. Sátẹ́láìtì CryoSat-2, tó gbéra ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ń wọn èyí tó yọrí, wọ́n á wá ṣírò èyí tó rì. Bí òjò dídì bá bo orí yìnyín náà, ìṣirò lè yẹ̀.

Kí la wá fẹ́ pe ayé tí àwọn onímọ̀ fi ìṣirò atẹ́gùn, omi àti oòrùn kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, láti mọ bí yìnyín náà ṣe ń rí? Àwọn tó jáde ilé ìwé Faransé á ní ká sáà pè é ní modèle, ó parí. Àwọn mìíràn á ní “àwòṣe”. Mi ò fara mọ́ ọn: àwòṣe ni ohun tí à ń wò ká tó ṣe òmíràn, bẹ́ẹ̀ ayé gidi ni àwọn onímọ̀ ń wò níhìn-ín. “Àfijọ” ni mo yàn. Ó kéré tán, a lè bi àfijọ pé: ṣé o jọ ọ́?

Ó jọ ọ́ dé ibì kan. Onímọ̀ nípa yìnyín òkun, Julienne Stroeve, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2014. Yìnyín tó nípọn jù fara ti Greenland àti àwọn erékùṣù Kánádà, àmọ́ àwọn àfijọ ń dín in kù níbẹ̀, wọ́n sì ń fi kún un ní etíkun Rọ́ṣíà. Ara ohun tó fà á ni pé ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà ti yìnyín kò tọ̀nà nínú wọn. N kò ní pe èyí ní àṣìṣe lásán. Àṣìṣe lè ga lónìí, kó wálẹ̀ lọ́la. Eléyìí ń fì síbì kan náà ṣáá. Ìgbèsápákan ni.

Ṣábẹ̀ mọ irú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ DACCIWA, iṣẹ́ ìwádìí kan nípa ìkúùkuù àti ojú ọjọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níbẹ̀, ní Kumasi àti ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí ìkúùkuù tó ń ṣú lóru tí kì í tètè túká títí di nǹkan bí ọ̀sán. Àgbẹ̀ tó bá sá ẹ̀gẹ́ ní Bessé lásìkò òjò mọ̀ ọ́n dáadáa: òun ni kì í jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀pọ̀ àfijọ ò ní in tó, oòrùn inú wọn sì pọ̀ jù. Ẹ má pè é ní kùrukùru, ìyẹn a máa bálẹ̀. Ìkúùkuù yìí ki, ó sì ní ìnípọn tirẹ̀ lọ́tọ̀: ẹ̀rọ kan ń tan iná lésà sókè láti mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, rédà ń wá orí rẹ̀, èyí tó wà láàrin méjèèjì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.