Bí A Ṣe Ń Rìn Láàrin Fódà àti Bí A Ṣe Ń Fi Àyànfẹ́ Pamọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní agbègbè Marine Beach, láàrin èbúté Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rọ̀ mọ́ ìwé: ìwé ẹrù ojú omi, Form M, rìsíìtì owó-orí, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ti di fáìlì lórí kọ̀ǹpútà. Éjẹ́ǹtì tí kò tètè rí ìwé oníbàárà rẹ̀ lè pàdánù odindi ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni owó ìdádúró ẹrù yóò máa gun orí ara wọn. Àlàyé yìí wà láti dín irú wàhálà bẹ́ẹ̀ kù.

Rírìn láàrin fódà

Fódà ni àpò tí a ń kó fáìlì sí. Fódà lè wà nínú fódà, bí yàrá ti wà nínú ilé.

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti E pọ̀. File Explorer yóò ṣí. Ẹ tẹ fódà lẹ́ẹ̀mejì léraléra láti wọ inú rẹ̀. Alt àti ọfà òsì yóò dá yín padà síbi tí ẹ ti kúrò. Alt àti ọfà òkè yóò mú yín jáde sí fódà tó gba èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀ mọ́ra. Ohun tí ẹ bá gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà nínú Downloads. Ẹ tètè kó o lọ sí fódà tirẹ̀.

Fífi àyànfẹ́ pamọ́

• Windows: ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mọ́ọ̀sì tẹ fódà náà, kí ẹ yan Pin to Quick access. Ọdún 2015 ni Quick access dé pẹ̀lú Windows 10, tó sì rọ́pò Favorites àtijọ́.
• Mac: ẹ fa fódà náà lọ sí apá òsì Finder, lábẹ́ Favourites.
• Linux tó ń lo GNOME: ẹ wọ inú fódà náà, kí ẹ tẹ Ctrl àti D pọ̀.

Ohun tó yẹ ní mímọ̀

Àyànfẹ́ kì í ṣe ẹ̀dà. Ó dà bí pátákó tó ń júwe ilé: bí a bá yọ pátákó, ilé ṣì wà, ṣùgbọ́n bí ilé bá wó, pátákó kò lè gba ẹnikẹ́ni sílé. Bí fódà náà bá wà lórí fíláàṣì tí ẹ ti yọ, àyànfẹ́ rẹ̀ kò ní ṣí. Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé pàtàkì sí ibòmíràn.

Lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé, File Explorer lè fi orúkọ àwọn fáìlì tí ẹ ṣí han oníbàárà tó tẹ̀ lé yín. Kí ẹ tó dìde, ẹ ṣí Options, kí ẹ tẹ Clear lábẹ́ Privacy. Orúkọ nìkan ni èyí ń pa rẹ́. Bí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà fáìlì sórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ pa òun náà rẹ́, kí ẹ sì sọ Recycle Bin dòfo.